A Ò Tíì Gbàdúrà Ìparí

Nígbà tí Ìyá Àgbà mi papò dà, wọ́n kà á lórí rédíò. Ẹni tó ka ìkéde náà ní ìyá jẹ́jẹ́ ló lọ, ìyá tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Ilé ìdáná ni mo wà nílé wa ní Ọ̀fà, mo ń bó kúkúndùkú tí a fẹ́ sè fún àwọn tó ń wá kí wa. Mo sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, mo sì pariwo sí rédíò náà pé irọ́ ni. Àbúrò bàbá mi, Alhaji Múfútáù, tí wọ́n kọ ìkéde ọ̀hún fúnra wọn, wà ní pálọ̀. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa.

"Kúdírà, bí wọ́n ṣe ń kọ ti gbogbo ìyá nìyẹn," ni Alhaji wí.

"Ìyá àwọn ẹlòmíì nìyẹn," ni mo dáhùn. "Kì í ṣe tiwa."

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí nìyẹn. Mi ò fẹ́ sọ ọdún tí wọ́n bí Ìyá Àgbà, mi ò sì fẹ́ to àwọn ọmọ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Rédíò ti bá wa ṣe ìyẹn. Ìyá tí èmi mọ̀ máa ń fa wàhálà. Wọ́n ń fà á bí ẹní ń fa omi nínú kànga, wọn kì í sì í fi okùn sílẹ̀ títí garawa á fi dé òkè. Alhaja Ràbíátù ni orúkọ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń pè wọ́n ní Màmá Rẹ́ńtà, nítorí pé àga ni Ìyá Àgbà ń fi háyà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àga yẹn. Àga onírin ni, èyí tí wọ́n ń ká pọ̀, tí Ìyá Àgbà fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn, tí wọ́n wá fa ìlà funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí tiwọn má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Ní àwọn ọdún 1980 tí mò ń sọ yìí, kò sí ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó ládùúgbò wa tí àga aláwọ̀ ewé yẹn kò dé. Àmọ́ ibi tí Ìyá Àgbà fẹ́ràn jù láti gbé e lọ ni yunifásítì kan tó jẹ́ ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ sí Ọ̀fà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àga inú gbọ̀ngàn wọn kì í tó nígbà yẹn, torí náà bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo èèyàn tàbí ọjọ́ àṣà, Ọ̀fà ni wọ́n ń sá wá.

Àwọn yòókù tó ń fi àga háyà á já ẹrù sílẹ̀, wọ́n á sì lọ, wọ́n á wá kó o ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á gun iwájú ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá wọn, ẹní ìkírun wọn, àti kúkúndùkú sísun tí wọ́n fi bébà wé. Àbúrò wọn, Àfáà Sálíù, á jókòó tì wọ́n, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé Àfáà ló máa ṣí ètò náà pẹ̀lú àdúrà, tó sì máa fi àdúrà pa á dé. Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà ní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ká àga kan kí wọ́n tó gbàdúrà ìparí. Bó jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé ni, kò gbọdọ̀ ká a. Òfin yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìyá Àgbà àti àwọn awakọ̀ tó fẹ́ tètè lọ sílé, àwọn ìyàwó ilé tó fẹ́ gbálẹ̀, àti bàbá kan tó ní òjò ń bọ̀.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, àdúrà ò tíì parí tí àwọn tó ni àga ti bẹ̀rẹ̀ sí kó o, tí bàbá wọn tó bí wọn lọ́mọ fi dìde dúró ṣe àmín níbi ìgbéyàwó ọmọ ara rẹ̀. Inú ń bí Ìyá Àgbà lójú mi níbẹ̀, bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. "Ẹ ti ní kí èèyàn jókòó," ni wọ́n wí, "ẹ wá tún ń fa àga lábẹ́ ìdí rẹ̀. Irú ìwà wo nìyẹn?"

Ìyá Àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan èjìká akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níwájú wọn: "Kí ló wí?" Ẹni náà á túmọ̀ rẹ̀, àwọn ará tòsí á ní kí wọ́n dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ àgbà kan dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró, ó bèèrè ẹni tó ń pariwo lẹ́yìn. Ìyá Àgbà dìde. "Èmi ni, sà. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀ ń sọ fún àwọn tó jókòó sórí àga mi." Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín, olùkọ́ náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yan ẹnì kan tí yóò jókòó ti Màmá Rẹ́ńtà láti máa túmọ̀. Nígbà tí èmi náà wọ yunifásítì yẹn, iṣẹ́ mi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́.

Iṣẹ́ ńlá ni o. Bí mo bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ tán, àwọn náà á fèsì, wọ́n á sì fẹ́ kí n gbé èsì wọn lọ síwájú. Olùbánisọ̀rọ̀ kan fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan ṣàròyé pé àṣà Yorùbá ń kú lọ. A wọ ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ọ̀fà. Nígbà tí a dé Ìjàgbò, lẹ́bàá ìlú wa, ni wọ́n tó yíjú sí mi. "Ó ní àṣà ń kú," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé ó ti lọ kí i ni?"

Ọ̀rọ̀ ìlà iwájú náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ àṣà yẹn: wọ́n á fi aṣọ funfun bo àga iwájú de àwọn ẹni ńlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dúró lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, àwọn ẹni ńlá ò sì ní dé. Ìyá Àgbà fara dà á fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, bí Àfáà bá ti ń parí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n á lọ síwájú, wọ́n á ká aṣọ funfun náà, wọ́n á sì fọwọ́ pe àwọn tó dúró pé kí wọ́n wá jókòó. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì àwọn alákòóso dé lọ́jọ́ kan nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò sì rí àyè rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá Àgbà nu àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn fún un lẹ́yìn lọ́hùn-ún. "Ẹ jókòó síbí, sà. Ọ̀rọ̀ ń dé ibí náà."

Àga kan wà láàárín gbogbo àga yẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ. Òun ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó lé. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ òsì wọn ti ẹsẹ̀ àga tó rọ náà, wọ́n á sì jókòó ṣánṣán bí ọba. Mo mọ bó ṣe rọ, nítorí pé ojú mi ló ṣe.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwa ará Ọ̀fà ò fi ìjàkadì ṣeré. Nínú ọjọ́ àṣà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ọ̀fà, ìjàkadì la fi ń kádìí rẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Wàsíù, ọmọ àdúgbò wa, ni wọ́n fà kalẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a jà, wọ́n sì ń ṣubú fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà ò lè gbà á mọ́ra. "Ẹ jà á bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ jà á!" ni wọ́n ń kígbe láti ẹ̀yìn. Ni ọmọkùnrin kan bá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó wọlé. Délé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni.

Ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa lè má mọ ìdí tí gbogbo wa fi dìde láti wò ó. Aládùúgbò wa ni Ẹ̀rìn-Ilé. Oko wa kan tiwọn, ọ̀rọ̀ ibi tí ààlà wà sì ti ń fa ìjà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí mi. Délé mú Wàsíù, ó gbé e, ó sì dá a sórí àga aláwọ̀ ewé kan. Ẹsẹ̀ àga náà rọ. Àwọn ọmọ Ọ̀fà fárígá: Wàsíù yọ̀ ni, ṣòkòtò rẹ̀ ni Délé fà, kò kà. Wọ́n yíjú sí Ìyá Àgbà, àgbà tó tilé wá.

"Ó dá a," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ̀yìn Wàsíù kanlẹ̀, mo rí i."

Wọ́n tú bébà, wọ́n fún Délé ní kúkúndùkú, wọ́n sì fún Wàsíù náà ní tiẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Nígbà tí a délé, Alhaji Múfútáù ní àwọn á gbé àga náà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ìyá Àgbà ní rárá. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lé e."

Mo wá dé orí ọjọ́ tí rédíò ò gbọdọ̀ dárúkọ.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 yẹn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún le. Àwọn èèyàn ò gba oko ara wọn kọjá mọ́. Obìnrin Ẹ̀rìn-Ilé tó lọ́kọ ní Ọ̀fà ò lè lọ wo ìyá rẹ̀, tiwa tó lọ́kọ lọ́hùn-ún náà ò lè wá. Wàsíù ti di olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ọ̀fà nígbà náà, Délé sì ni olórí ti Ẹ̀rìn-Ilé. Wọ́n ní lọ́dún yìí, ọjọ́ àṣà kan ṣoṣo ni àwọn máa jọ ṣe, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ á sì wà níbẹ̀, tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní "Àwa Tí A Jọ Pààlà." Ẹni tí wọ́n pè láti sọ̀rọ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tíṣà. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni ìyá náà, Ọ̀fà ni wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ló kọ́ bàbá mi ní ABD.

Àwọn àgbà àdúgbò wa gbọ́. Wọ́n wá bá Ìyá Àgbà nílé, wọ́n ní bí àga aláwọ̀ ewé bá gbé obìnrin yẹn, kí Ìyá Àgbà má tún retí pé àga náà yóò wọ òde àwọn mọ́. Alhaji Múfútáù, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlémọ̀nà, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ọ̀gá wọn máa sọ, dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún wọn pé àga ti tán. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni."

"Ìdí èèyàn ni àga mi ń gbé, Múfú," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Kì í gbé ilẹ̀."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ akẹ́rù wa dé ẹnu gbọ̀ngàn, a bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn alákòóso lẹ ìwé mọ́ ọn pé kò sí ètò mọ́ nítorí ààbò, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣagídí yóò kúrò ní yunifásítì. Èrò ti pé, àwọn ọmọ Ọ̀fà lápá kan, àwọn ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé lápá kejì, wọ́n ń wo ara wọn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá tú ká báyìí, tí ìbínú ṣì wà lójú, ibi tí ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọn á sì ní ọmọ ìlú kan ló bà á jẹ́ fún ìkejì. Wàsíù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní kí Màmá jọ̀ọ́ máa kó àga padà.

Ìyá Àgbà wo àgádágodo. Wọ́n wo igi máńgòrò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. "Abẹ́ igi yẹn ńkọ́?" ni wọ́n bèèrè. "Ṣé wọ́n ti ìyẹn náà ni?"

A to àga sábẹ́ igi. Kò sí apá kan tàbí apá kejì nínú bí Ìyá Àgbà ṣe tò ó. Bí o bá ṣe dé lo ṣe ń jókòó, ọmọ Ọ̀fà kan, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kan, tí èjìká ń kan èjìká. Àfáà Sálíù gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Tíṣà dìde pẹ̀lú fìlà funfun tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé èmi atúmọ̀ ò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń dárúkọ àwọn ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n ti fi pàṣán nà, ẹ̀rín sì ti ń jáde díẹ̀díẹ̀, kí ọkọ̀ àwọn sikiọ́rítì tó dé.

Ọ̀gá wọn ò pariwo. Ó ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ká àga láti ẹ̀yìn, pé bí kò bá sí ìjókòó, olúkúlùkù á lọ. Ẹ̀yìn náà ni Ìyá Àgbà wà. Wọ́n dìde, àga ẹlẹ́sẹ̀ rírọ náà sì ṣubú gbì.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni orúkọ rẹ?" ni wọ́n bi ọ̀gá náà.

"Ganíyù, Mà."

"Ganíyù, ṣé wọ́n ti gbàdúrà ìparí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ ni wọ́n fún mi."

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀."

"Rárá, Mà. Wọn ò tíì gbà á."

"A ò tíì gbàdúrà ìparí. Àga mi kì í sì í dìde kí wọ́n tó gbà á. Bó o bá fẹ́ ká a, ká èmi náà mọ́ ọn."

Ganíyù wo ìyá àgbàlagbà yìí, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀. Ó wá rí ọ̀nà kan. Ó lọ bá Àfáà Sálíù níwájú, ó tẹ̀ ba, ó ní, "Àfáà, ẹ dákun, ẹ bá wa gbàdúrà ìparí, ká lè máa lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́."

Gbogbo wa yíjú sí Àfáà. Kí n má purọ́, Àfáà Sálíù kì í ṣe ẹni tó láyà. Wọ́n ń bẹ̀rù ajá, wọ́n ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, wọ́n sì ń bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n wọn ju méjèèjì lọ. Wọ́n ń sáré yí tẹsùbáà lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. A ò mọ èwo ni wọ́n máa ṣe.

"Mi ò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fi gbàdúrà," ni Àfáà wí. "Ìyá yìí ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Kí ni kí n wá sọ fún Ọlọ́run?"

Ganíyù ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Ìyá Àgbà ti ṣí àga kan dè é. "Jókòó," ni wọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ ń dé ibí náà." Ó jókòó. Àwọn èèyàn rẹ̀ náà rí àga, wọ́n jókòó.

Ìyá Tíṣà bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọn ò sọ ibi tí ààlà wà. Wọ́n ní kí ẹni tí ìyá rẹ̀, tàbí ìyá ìyá rẹ̀, tàbí ìyá bàbá rẹ̀ bá ti ìlú kejì wá gbé ọwọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ gbé e. Lẹ́yìn náà Délé gbé ọwọ́ sókè. Wàsíù gbé tiẹ̀. Ọwọ́ wá ń jáde níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, títí kan ọwọ́ àwọn kan tí mo mọ̀ dájú pé wọ́n wá da ètò rú ni. Mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rí ọwọ́ Ìyá Àgbà lókè. Mo wo Àfáà Sálíù, tẹsùbáà ń fì lọ́wọ́ wọn tí wọ́n nà sókè. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé ni ìyá tó bí àwọn méjèèjì. Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi.

"Ẹ ò sọ fún wa rí," ni mo sọ fún Ìyá Àgbà nínú ọkọ̀.

"Ẹ ò bèèrè rí," ni wọ́n fèsì.

Kò sí ẹyọ ìjà kan lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, wọ́n dá Wàsíù àti Délé dúró ní yunifásítì fún ọdún kan, wọ́n sì ní Màmá Rẹ́ńtà ò gbọdọ̀ wọ ọgbà wọn mọ́. Àwọn àgbà àdúgbò náà mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Ìyàwó ń lọ ilé ọkọ, wọ́n ń sọmọ lórúkọ, àga ẹlòmíì ni wọ́n ń lò. Tiwa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní títò gègèrè dé òrùlé. Ó dùn mí wọra, nítorí pé àga yẹn ló ń bọ́ Ìyá Àgbà. Alhaji Múfútáù tún dé, wọ́n ní kí Màmá jọ̀wọ́ lọ bẹ àwọn àgbà, gbólóhùn kan péré.

"Kí ni kí n bẹ̀ wọ́n fún?" ni Ìyá Àgbà bèèrè. "Pé mo jẹ́ kí èèyàn jókòó?"

Ohun tí wọ́n ṣe dípò ẹ̀bẹ̀ nìyí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn àgbà bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, Ìyá Àgbà á ti kó àga síta níwájú ilé, wọ́n á máa fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ọṣẹ á máa ṣàn gba ojú ọ̀nà, àwọn àgbà á sì ká agbádá wọn sókè kí wọ́n tó kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ò lè pa á mọ́ra, ó bèèrè ohun tí wọ́n ń fọ̀ lára àga tí ẹnikẹ́ni ò lò. Ìyá Àgbà ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Mo ń fọ̀ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ máa fẹ́ jókòó, Alhaji."

Bàbá yẹn gan-an ló kọ́kọ́ padà wá, nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ́kọ. Ìyá Àgbà ò fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Wọ́n gbé àga lọ, wọ́n jókòó lé ẹlẹ́sẹ̀ rírọ, wọ́n sì dúró títí di àdúrà ìparí. Àwọn alákòóso tuntun dé sí yunifásítì níkẹyìn, wọ́n ní Ìyá Àgbà lè máa wọlé, Wàsíù àti Délé ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tún ń ránṣẹ́ sí Màmá Rẹ́ńtà. Ganíyù ló ṣí géètì fún ọkọ̀ wa, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọ ìyá.

Ní àwọn ọdún 1990 ni Ìyá Àgbà kú. A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ níwájú ilé, orí àga wọn ni a jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ti gbóná lásìkò náà, Alhaji Múfútáù sì ti kìlọ̀ fún adarí ètò pé kó má dárúkọ Ẹ̀rìn-Ilé níbẹ̀. Àmọ́ èmi ti ránṣẹ́ sí Ìyá Tíṣà. Délé ló ń gbé wọn bọ̀. Wáàsí parí, wọn ò tíì dé. Mo ń wo ojú ọ̀nà títí ojú fi ń ro mí.

Ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀. Alhaji sọ̀rọ̀ sí adarí ètò létí, adarí ètò ní ká máa gbàdúrà ìparí kí òjò tó dé. Àwọn tí wọ́n háyà láti palẹ̀ mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí ká àga láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn náà ni mo wà. Mo jókòó lé ẹlẹ́sẹ̀ rírọ, mo fi ẹsẹ̀ òsì mi tì í. "Ẹ fi àga sílẹ̀!" ni mo wí, ohùn mi sì lọ jìnnà ju bí mo ṣe rò lọ. "A ò tíì gbàdúrà ìparí. Ẹnì kan ń bọ̀ tí kò tíì jókòó."

Alhaji Múfútáù yára wá bá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kúdírà, má dójú tì mí lónìí. Fídáù ìyá mi la wá ṣe."

"Ìyá yín náà ni mò ń sọ," ni mo dáhùn.

Wàsíù jókòó sí àyè rẹ̀ gbọin. Àwọn tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́sí náà ò mira. Adarí ètò wo ọ̀tún wo òsì, ó wá yíjú sí Àfáà Sálíù, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, tí wọ́n jókòó síwájú. "Àfáà, ẹ bá wa gbàdúrà ìparí."

Tẹsùbáà ń yí lọ́wọ́ Àfáà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń yí i lọ́tẹ̀ yìí.

"Mi ò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fi gbàdúrà," ni Àfáà Sálíù wí.

Ọkọ̀ Délé dé, ó ti kún fún eruku. Ìyá Tíṣà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti fìlà funfun. Wàsíù sá gbé àga tó dára wá láti iwájú, ṣùgbọ́n ìyá náà bèèrè èwo ni ti Ràbíátù. Mo dìde. Wọ́n jókòó lé e, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo fọwọ́ di ẹsẹ̀ rírọ náà mú. Ọ̀rọ̀ wọn ò gùn. Wọ́n ní ó rẹ àwọn, àwọn ò ní lè sọ púpọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn gbé wá: kí ẹni tí ìyá rẹ̀, tàbí ìyá ìyá rẹ̀, tàbí ìyá bàbá rẹ̀ bá ti ìlú kejì wá gbé ọwọ́ sókè.

Ìyá ìyá bàbá mi ni tèmi, síbẹ̀ mo gbé ọwọ́ mi kan sókè, mo fi ìkejì di àga mú. Wàsíù gbé tiẹ̀, Délé gbé tiẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wa kan tí mi ò fura sí gbé tiwọn. Ọwọ́ Àfáà ti wà lókè tipẹ́. Alhaji Múfútáù ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ adarí ètò, wọ́n ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa àga kan mọ́ra, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbé ọwọ́ wọn sókè.

"Ó tó báyìí," ni Àfáà Sálíù wí, wọ́n sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Òjò ti ń kán sí wa lórí. Kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo wa pátá la jókòó ṣe àmín.